ẸRÙ TÍ A GBÉ LÉ ORÍ JÍÍPÙ

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a mú wá fún yín lónìí. Kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀ táyà àti sípíríǹgì. Iṣẹ́ ìhìnrere ti mú wa gba ọ̀nà oko ní Òkè-Ògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sì ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí wọn kò kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ a máa bi wá pé, "Dádì, kí ni ènìyàn lè ṣe sí jíípù kí ó lè wọ igbó, kí ó sì jáde?" A ó dáhùn ìbéèrè yìí bí a ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a kò lè dáhùn rẹ̀ tán láì sọ ohun kan tí ojú ti ń tì wá láti sọ: bí a ṣe dá ọmọ wa lẹ́bi lójú gbogbo ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ jíípù kan, tí ó sì jẹ́ pé àwa gan-an ni a jẹ̀bi.

BÍ JÍÍPÙ NÁÀ ṢE DÉ ILÉ WA

Lándírófà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1948 ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi mọ ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ní ọdún 1951 ni Toyota ṣe tirẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Land Cruiser. Ní ọdún 2015, a ra ọ̀kan nínú wọn ní tòkúnbọ̀, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1990. Owó tí a ti kó jọ láti fi kan òrùlé ilé wa ni a fi rà á. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyá àwọn ọmọ kò fi bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ẹ́ńjìnnì dísù ni ó wà nínú rẹ̀, lítà 4.2, sílíńdà mẹ́fà. Kò ní tọ́bò, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Bàbá mẹkáníìkì wa ní Ìṣẹ́yìn fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Pásítọ̀, ọkọ̀ rere ni ẹ rà. Ohun tí kò bá sí nínú mọ́tò kò lè bàjẹ́." A rẹ́rìn-ín nígbà náà. A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a kọ sára ògiri ni.

Kí ni a fẹ́ fi jíípù ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀yìn Ìgbòho àti Kíṣí lọ́hùn-ún, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré ń gbà ní oṣù Kejìlá, ní oṣù Kẹjọ màlúù pàápàá a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà á. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn. Ní òjò, ẹrẹ̀. Ní ìgbà méjèèjì, òkúta. Àwọn ènìyàn Ọlọ́run sì wà ní òpin ọ̀nà náà.

Ohun mìíràn tún wà. Ọmọkùnrin wa kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga polí nígbà náà, ó wà nílé. Kí a má purọ́, àwa àti òun kì í sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀ sà" àti "ó dàárọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí jíípù yìí dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá mẹkáníìkì pọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àá jọ jẹ ẹ̀wà níbẹ̀, àá jọ fi dísù fọ ọwọ́. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, ẹ ó mọ ohun tí ọjọ́ Sátidé wọ̀nyẹn jẹ́ fún wa.

OHUN TÍ A ṢE TÍ Ó DÁRA

Bàbá ní kí a má tíì náwó lé ohunkóhun, àfi táyà. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì ti wù kí ó lágbára tó, ibi tí táyà ti fara kan ilẹ̀ ni gbogbo agbára náà ń gbà jáde, ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà lọ. A ra táyà eléyín jíjìn tí ó fi ínṣì 2 ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu láti gbọ́ pé ínṣì 1 péré ni ìyẹn yóò fi gbé ọkọ̀ sókè, nítorí ìdajì gíga táyà ni ó wà lábẹ́ ọ̀pá irin tí ó gbé e. Bàbá tún sọ fún wa pé sípíríǹgì gíga a máa gbé ara ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n kò lè gbé àgọ̀ jíà tí ó wà láàárín táyà méjèèjì sókè rárá. Táyà nìkan ni ó lè ṣe ìyẹn. Àgọ̀ jíà yìí ni òkúta sì máa ń kọ́kọ́ gbá.

Lẹ́yìn táyà, afẹ́fẹ́ inú táyà. Lójú títì, ìwọ̀n 35 ni tiwa lórí géèjì fọkanáísà. Bí a bá dé inú iyanrìn, a ó jò ó kalẹ̀ dé 18. Táyà náà yóò tẹ́ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí, kò ní rì mọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ sáré pẹ̀lú rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ padà sórí títì láì tún un fẹ́, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa gbóná lórí eré títí yóò fi bẹ́. A ra páńpù kékeré tí ń lo iná bátìrì ọkọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Títí di òní, nínú gbogbo ohun tí a kọ́, jíjò afẹ́fẹ́ tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni ó wúlò jù.

Nígbà tí ó kan sípíríǹgì, ọmọ wa fẹ́ kí a fi ínṣì 4 gbé ọkọ̀ náà sókè, bí ó ti rí i nínú àwòrán. Bàbá kò bá a jà. Ó ní kí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: rọ́bà bíréèkì yóò kúrú, ọ̀pá tí ń yí láti ibi jíà lọ sí ẹ̀yìn yóò dagun jù, yóò sì máa jẹ oríkèé ara rẹ̀, ọkọ̀ yóò máa rìn gbéregbère lójú títì bí ẹni tí ó mu ọtí. Ọmọ náà jáde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ní, "Ínṣì 2 ti tó, Bàbá. Ẹ ṣeun sà." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdáhùn yìí sọ́kàn. Ọmọ tí ó gbọ́ ìkìlọ̀ ni.

Nítorí odò, a fa ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí gòkè dé ẹ̀gbẹ́ òrùlé ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù, nítorí náà omi kì í tètè pa á. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba ojú ihò afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, omi kò ṣe é fún pọ̀, ọ̀pá irin inú ẹ́ńjìnnì ni yóò tẹ̀. Bàbá tún so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ihò ìmí àwọn àgọ̀ jíà, ó fà á lọ sókè, nítorí irin gbígbóná tí ó bá wọ omi tútù lójijì a máa fa omi mu sínú ọ́ìlì rẹ̀. Ní ìkẹyìn, a fi bóòtì de ìkọ́ irin méjì níwájú àti méjì lẹ́yìn mọ́ eegun ọkọ̀ gan-an, kí a lè rí ibi so okùn mọ́ bí a bá rì.

Títí dé ibí yìí, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

IRIN ORÍ ỌKỌ̀

Ní ọdún 2017, a ń múra ìpàdé ìsọjí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìgbòho. A fẹ́ kí àwọn akọrin rí àyè jókòó nínú ọkọ̀, ni àwa fúnra wa bá gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ láì sọ fún Bàbá mẹkáníìkì, láì sọ fún ọmọ wa. A ní kí ó ro irin ìkẹ́rù sí orí ọkọ̀ náà, kí ó sì lágbára. Ó lágbára lóòótọ́! Nígbà tí a kùn ún tán, tí a gbé e jáde, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. A kò ní sọ pé inú wa kò dùn sí àtẹ́wọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, a gbé jẹnẹrétọ̀ sókè, a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá méjì tẹ̀ lé e, a sì di kẹ́ẹ̀gì dísù mẹ́rin mọ́ ọn, lítà 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wa dúró, ó ń wò ó. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹrù yìí ti pọ̀ jù lókè. Ẹ jẹ́ kí a fi díẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí a kó àwọn kan nínú wa sórí ọ̀kadà kí a lè gbé ẹrù sínú."

A wò ó láti òkè dé ilẹ̀. A ní, "Ṣé wọ́n ti bí ọ nígbà tí mo ti ń wakọ̀?"

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wọlé, ó jókòó sídìí ọkọ̀, nítorí òun ni a yàn láti wà á.

ỌJỌ́ TÍ ỌKỌ̀ DÙBÚLẸ̀

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ó ku díẹ̀ kí a dé abúlé náà, ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè kan, apá ọ̀tún ga, apá òsì dà sísàlẹ̀ sí ọ̀nà odò. Ọmọ wa ń rìn jẹ́jẹ́, ó wà ní jíà tí ó kéré jù lọ. Ni táyà òsì iwájú bá bọ́ sínú kòtò tí àgbàrá ti gbẹ́. Kòtò náà kò jìn. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọkọ̀ ìbá kàn mì, ìbá sì kọjá. Ní ọjọ́ yìí, a gbọ́ tí ẹrù orí ọkọ̀ dún gbàà sí apá òsì. Ọkọ̀ fì, ó dúró bí ẹni tí ń ro nǹkan, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fara ti igi kan.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀mí kankan kò lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ìyá àwọn ọmọ kán. Ojú ọ̀nà àbáyọ tí ọkọ̀ náà ìbá fi gbé e ni ọkọ̀ náà dí, ọ̀kadà ni ó gbé e jáde lọ sí ilé ìwòsàn nínú òjò, ó ń di ọwọ́ náà mú lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Kí ni àwa ṣe? Níwájú àwọn akọrin, níwájú àwọn ará abúlé tí wọ́n sáré wá, a nawọ́ sí ọmọ wa, a kígbe pé, "O fẹ́ pa ìyá rẹ!" A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dá wa lóhùn. Ní ìparí oṣù yẹn ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Èkó. Oṣù mẹ́rin ni kò fi pè wá lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń pè.

ÌDÁJỌ́ BÀBÁ MẸKÁNÍÌKÌ

Bàbá mẹkáníìkì ni ó wá fi okùn gbé ọkọ̀ náà dìde ní ọjọ́ kejì. Ó wo ilẹ̀, ó wo táyà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ní kí a jọ gbé ẹrù ọjọ́ náà lọ sórí òṣùwọ̀n tí àwọn oníkaṣú fi ń wọn àpò. Irin ìkẹ́rù nìkan, kílò 60. Jẹnẹrétọ̀, 45. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjèèjì, 70. Dísù lítà 100 súnmọ́ kílò 84. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 259, ní òkè téńté ọkọ̀ tí a ti fi táyà àti sípíríǹgì gbé sókè tẹ́lẹ̀.

Bàbá ní, "Pásítọ̀, ẹ wo obìnrin tí ó pọn ọmọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀, ó lè fo gọ́tà. Ẹ wá gbé ọmọ yẹn kan náà lé e ní èjìká, kí ẹ ní kí ó fo gọ́tà kan náà. Ṣé ọmọ ni ó wúwo sí i?"

A dákẹ́. Ó tún ní, "Nígbà tí mo dé ibẹ̀, táyà iwájú méjèèjì kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Bí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ọwọ́ ènìyàn a máa fẹ́ yí i sí òkè, ìyẹn gan-an ni yóò sì mú un gbókìtì. Ọmọ yín yí i sí ìsàlẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí ó rọra dùbúlẹ̀ síbi igi. Ẹ má bínú o, Pásítọ̀. Ẹrù yín ni ó yí ọkọ̀. Ọmọ yín ni kò jẹ́ kí ẹ dé odò."

A LỌ BẸ ỌMỌ WA

Ẹ̀yin ará, a gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kẹsàn-án, ó di oṣù Kejìlá kí a tó ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìwàásù ìrònúpìwàdà tí a ti ṣe kò lóǹkà, ṣùgbọ́n bí bàbá ti ń ronú pìwà dà lójú ọmọ tí ó bí, a kò tíì kọ́ ọ. A ń sọ fún ara wa pé ọ̀rọ̀ náà yóò tán fúnra rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àwọn ọmọ ń gbìyànjú láti fún aṣọ tí ó fọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lágbára tó. Ó ní, "Ọwọ́ tèmi ń san, Dádì. Ti ọmọ yín ńkọ́?"

Ní ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. A bá a nínú yàrá tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé. A ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì parẹ́. Ohun tí ó jáde ni pé, "Èmi ni mo jẹ̀bi. O kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́. O gba ẹ̀mí ìyá rẹ là, mo sì pè ọ́ ní apànìyàn lójú àwùjọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọmọ náà wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé, "Ṣé ẹ ti yọ irin orí ọkọ̀ náà?"

A ní a ti yọ ọ́.

Ó ní, "Ojú ibi tí wọ́n ti ro ó yóò ti máa dípẹtà. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, Dádì. Mo ń bọ̀ ní Sátidé."

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, a dúró níwájú ìjọ, a sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ojú gbogbo wọn ni a ti bú u.

Ẹ̀KỌ́ FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ WỌ IGBÓ

Èyí ni ìdáhùn wa fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bèèrè.

1. Ẹ kọ́kọ́ ra táyà rere, kí ẹ sì mọ bí a ti ń jò ó àti bí a ti ń fẹ́ ẹ.

2. Ohunkóhun tí ẹ bá fi kún ọkọ̀, ó ní ohun tí yóò gbà lọ. Táyà ńlá a máa dá kún iṣẹ́ bíréèkì, a sì máa mú kí ọkọ̀ sáré ju ohun tí aago rẹ̀ ń kà lọ. Gíga a máa gba ìdúróṣinṣin.

3. Ẹrù wúwo, ilẹ̀ ni kí ó wà, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí a dè é kí ó má lè yí. Ohun fífúyẹ́ bíi ẹní àti àgọ́ nìkan ni kí ó gun òkè.

4. Bí ẹ bá dé odò, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá, ẹ fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kọjá ná. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Omi tí ènìyàn kò bá lè fi ẹsẹ̀ dúró nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ọkọ̀ wọ̀ ọ́.

5. Bí ẹ bá fẹ́ fa ọkọ̀ tí ó rì, ìkọ́ tí a dè mọ́ eegun ọkọ̀ ni kí ẹ so okùn mọ́. Ẹ má ṣe so ó mọ́ irin roboto tí a fi ń fa tírélà, nítorí bí ó bá já, yóò fò bí ọta ìbọn. Kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí okùn.

6. Bí ẹni tí ó kéré sí yín bá ní ẹrù ti pọ̀ jù, ẹ dúró, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, gbogbo wa wọ jíípù náà lọ sí Ìgbẹ́tì fún ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe fún ìpàdé kankan, fún ìgbádùn ẹbí lásán ni. A na àgọ́ sí ìsàlẹ̀ àpáta, a dá iná, a sun iṣu. Orí ọkọ̀ ṣófo, àfi ẹní mẹ́ta. Ọmọ wa ni ó wà á lọ, òun ni ó sì wà á bọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti gba ẹ̀gbẹ́ òkè, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀ lọ wo ilẹ̀, ó padà wá. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa darí mi."

A bọ́ sílẹ̀, a sì ń darí rẹ̀ títí ó fi kọjá.

Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, àti ti àwọn ọmọ wa. Àmín.